Àlejò Tí Kò Padà Lẹ́yìn Ọba Rẹ̀

Kíkà Bíbélì: 2 Sámúẹ́lì 15:13–22
Kà á pẹ̀lú: 2 Sámúẹ́lì 18:1–2, Jeremáyà 29:4–7, Jòhánù 14:1–3
Kókó àṣàrò: Ọjọ́ ìpọ́njú là ń mọ olóòótọ́, ọjọ́ tí ara bá tù ú là ń mọ̀ bóyá òótọ́ rẹ̀ yóò ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Dáfídì ọba ń sá kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Ábúsálómù ọmọ bíbí inú rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ọkàn ará ìlú, Áhítófẹ́lì tí ọba ń gbọ́ ìmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀ sì ti bọ́ sẹ́yìn ọlọ̀tẹ̀. Nígbà tí ọba dé ilé tó kẹ́yìn ìlú, ó dúró, ó ń wo àwọn tó kù fún un bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ẹgbẹ̀ta ọkùnrin láti Gátì wà lára wọn. Gátì kan náà tí Gòláyátì ti wá ni o. Ítáì, ọ̀kan nínú àwọn ará Gátì yìí, ni ọba dá dúró, tó sì bi léèrè ohun tó ń bá òun kiri. Ọba ní àlejò ni, ilé rẹ̀ jìnnà, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Ó ní kó padà sọ́dọ̀ ọba tuntun, kó kó àwọn èèyàn rẹ̀ dání, kí àánú Olúwa máa bá a lọ.

Ọ̀nà àbáyọ rèé o, ẹni tí ìjà náà kàn gan-an ló sì ṣí i fún un. Ítáì kò gbà á. Ó búra pé ibi tí ọba bá wà lòun yóò wà, ì báà jẹ́ ikú, ì báà jẹ́ ìyè. Bíbélì tún sọ ohun kékeré kan tí a kì í sábà kíyè sí: nígbà tí Ítáì kọjá, kì í ṣe ọmọ ogun nìkan ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà nínú èrò náà. Ìyẹn ni pé kò fi ìdílé pa mọ́ sí Jerúsálẹ́mù kó lè rí ibi padà sí bí Dáfídì bá pàdánù. Gbogbo ohun tó ní ló kó dání.

Àwa tí à ń gbé Èkó ní ẹnì kan tí ìtàn rẹ̀ jọ ti Ítáì. Landuji ni orúkọ tó ti ilẹ̀ Tápà mú wá. Òṣòdì Tápà ni Èkó fi mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń pa ìtàn rẹ̀ sọ pé ogun ló gba òbí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Láyé ìgbà náà, ọmọ tí kò ní baba tí kò ní ìyá, ọjà ni lójú ẹni tó bá rí i. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lọ sókè òkun ló sábà ń gbẹ̀yìn irú wọn. Abẹ́ Ọba Òṣìnlókun ni ọmọ yìí sá sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì dàgbà sínú iṣẹ́ ọba.

Ìtàn náà tẹ̀ síwájú pé oníṣòwò ará Pọtogí kan wá bẹ ọba pé kó fún òun ní ọmọ tí òun yóò mú lọ kọ́ iṣẹ́ òwò lókè òkun. Ọba kò fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Òṣòdì ló fi ránṣẹ́, òun àti ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Dada Antonio. Ó lọ, ó gbọ́ èdè Pọtogí, òwò yé e, ó sì padà wá sìn ní ibi tí wọ́n ti ń gba owó bodè fún ọba. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò ọmọ onílé nítorí pé kò ní dun ààfin púpọ̀ bí òkun bá gbé e lọ, òun ló kó ìmọ̀ tí ààfin nílò bọ̀. Ọlọ́run kì í fi ojú tí ènìyàn fi ń wo ọmọ òrukàn wò ó. Bí wọ́n bá ti fi ọ́ ránṣẹ́ rí sí ibi tí wọn kò jẹ́ rán ọmọ tiwọn, má ṣe ka ìrìn yẹn sí òfò.

Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, ni Òṣòdì wá dúró tì nígbà tí ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀. Akítóyè ni wọ́n fi jọba ní 1841. Ní 1845, ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Olómirò gbóná débi pé omi mímu di ìṣòro ní erékùṣù, Akítóyè sì sá kúrò nílùú. Kòsọ́kọ́ gorí oyè, Òṣòdì ni balógun tó gbójú lé. Ọdún mẹ́fà ni ìgbà fi tù wọ́n lára. Nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹni tó wà lẹ́yìn ọba fẹ́ràn ọba tàbí ó fẹ́ràn ohun tó ń jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjòyè tó fẹ́ràn ọba àti èyí tó fẹ́ràn oúnjẹ ọba, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí.

Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kọlu Èkó, àwọn ará Èkó sì lé wọn padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Òṣòdì ló ṣáájú àwọn tó ń gbèjà etí ọ̀sà. Ọkọ̀ ogun tí wọ́n ń pè ní Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn ọmọ ogun Èkó sì fi ojú rẹ̀ rí màbo. Ṣùgbọ́n àgbá àti rọ́kẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ire. Iná sọ lára ilé, ó ń ti agbolé kan bọ́ sí òmíràn. Ogun Ahóyaya ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Àgídìngbì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá máa fi mọ́, Kòsọ́kọ́ ti lọ. Ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Òṣòdì náà bá a lọ.

Dúró díẹ̀ níbẹ̀, àyànfẹ́. Kì í ṣe ọmọ ọba. Ìjà tó lé Kòsọ́kọ́ kúrò nílé, ìjà láàárín ẹbí ọba Èkó ni. Kò sí ẹni tí ì bá dá Tápà lẹ́bi bó bá ní kò kan òun. Akítóyè, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá padà sórí oyè, nílò ẹni tó mọ bodè, tó gbọ́ èdè àwọn oníṣòwò, tó sì mọ ogun jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Òun sì tẹ̀ lé ọba tí kò ní ààfin mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn náà sì tẹ̀ lé wọn, tọkùnrin tobìnrin.

Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fún wọn láyè, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Wọn kò kọ́kọ́ gbà pé ó ti parí. Ní 1853, wọ́n tún gbógun wá sí Èkó, wọn kò rí i gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ bá aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ṣàdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ pé òun yóò jáwọ́ nínú Èkó, òun yóò sì fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ọjọ́ tí Òṣòdì ń retí kò dé bó ṣe retí rẹ̀. Ọba tó bá sá lọ kò padà sórí oyè. Títí Kòsọ́kọ́ fi kú ní 1872, kò dé Ìgá Ìdúngànràn mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọba.

Ibí yìí ni ìtàn Òṣòdì ti yà kúrò lára ti Ítáì, ibẹ̀ gan-an ló sì ti wúlò jù fún wa. Dáfídì padà sórí ìtẹ́. Kó tó padà, nígbà tó ń pín ọmọ ogun rẹ̀, Jóábù gba ìdá mẹ́ta kan, Ábíṣáì gba ìdá mẹ́ta kan, Ítáì àlejò sì gba ìdá kẹta. Ó rọrùn láti yin ìdúróṣinṣin tó bá yọrí sí oyè. Ṣùgbọ́n kí ni ká wí fún ẹni tó dúró ti ọ̀rẹ́, tí ọ̀rẹ́ náà kò sì bọ́ nínú wàhálà? Kí ni ká wí fún ìyàwó tó tọ́jú ọkọ lórí àìsàn, tí ọkọ sì kú? Ọlọ́run kì í fi èrè ọjà díwọ̀n ìdúróṣinṣin. Ó ti rí i lójú ọ̀nà, kó tó di pé ìrìn náà parí.

Wo ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wà lókèèrè. Lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bábílónì kò ní kí wọ́n jókòó sórí ẹrù. Ó ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n fọ́mọ fọ́kọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú tó gbà wọ́n. Àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ lọ gbé Ẹ̀pẹ́ bíi ọmọ Ẹ̀pẹ́: wọ́n kọ́lé, wọ́n ṣòwò lórí ọ̀sà, wọ́n bímọ. Títí di òní, àwọn kan ń bẹ ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó yàn láti dúró níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù padà wálé rèé, àwọn àti ìran wọn. Má ṣe fi gbogbo ọdún ìdúródè ṣe àwáwí. Ilé àyágbé tó o wà yìí, tọ́jú rẹ̀. Àdúgbò tó gbà ọ́, ṣe é lóore.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún kejì, 1862, wọ́n gbà kí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà wálé. Kòsọ́kọ́ wọ Ẹ̀rẹ̀kọ̀. Òṣòdì àti àwọn tirẹ̀ rí ilẹ̀ gbà lápá ibi tí à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lónìí.

Ohun tó ṣe síbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé lọ sínú ọjọ́ yìí. Kò sọ gbogbo ilẹ̀ náà di ọgbà tirẹ̀ nìkan. Agbolé mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, àwọn tó bá a jìyà ní Ẹ̀pẹ́ ló sì wọnú wọn, agbolé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀ nípa ti ẹ̀jẹ̀. Ará ilé tó sìn ín ni wọ́n. Ó kú ní 1868. Ní 1869, nígbà ìṣàkóso Glover tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, ìjọba fún àwọn olórí agbolé náà ní ìwé ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí dá ẹjọ́ sílẹ̀ nígbà tó yá, ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, òfin pàtó sì jáde lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1947. Níbi tí ilẹ̀ bá wà, ẹjọ́ kì í wọ́n. Síbẹ̀, bí kò bá sí pé a pín nǹkan fún ènìyàn, kí ni wọn ì bá rí gbé lọ sílé ẹjọ́?

Bí o bá wọ irú agbolé bẹ́ẹ̀ lónìí, wàá rí i bó ṣe rí. Ẹnu ọ̀nà kan ló wọlé láti ìta. Ojúlé yí àgbàlá ká, aṣọ wà lórí okùn, kẹ́ẹ̀gì omi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìyá àgbà kan jókòó síbi tó ti lè rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní àgbàlá kan náà. Àwọn kan nínú wọn kò mọ̀ pé ìpadàsẹ́yìn lójú ogun kan ló bí ilé tí wọ́n ń sùn sí. Lórí ilẹ̀ tí Tápà kó àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí yìí náà ni Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, ti dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994 láti kéde pé òun ni ará ìlú dìbò yàn sípò ààrẹ. Ilẹ̀ tí àlejò là kò yan ẹni tí yóò gbà.

A kò ní torí èyí sọ Òṣòdì di ẹni mímọ́. Òwò ẹrú ló ń pa owó wọlé fún Èkó nígbà ayé Kòsọ́kọ́, ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sì jẹ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ìbẹ̀rù kí wọ́n má tà á lé wọ ààfin dàgbà sí ààfin tí wọ́n ti ń ta ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí èyí bà wá lẹ́rù. Ènìyàn lè rí àánú gbà kó sì máa wo bí wọ́n ṣe ń fi àánú du ẹlòmíràn. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ kí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ má sì dára. Ìdí nìyí tí a kò fi lè fi gbogbo ìdúróṣinṣin wa fún ènìyàn. A ń dúró ti ènìyàn nínú ìpọ́njú rẹ̀, a kì í bá a lọ́wọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọba kan ṣoṣo la lè tẹ̀ lé láìṣẹ́kù, Jésù Olúwa. Òun náà kọjá odò Kídírónì bí Dáfídì ti kọjá. Àwọn tó sì ti bá a jẹun sá lọ. Síbẹ̀, kó tó lọ, ó ṣèlérí fún àwọn tí yóò sá náà pé ibùgbé púpọ̀ ń bẹ nílé Baba òun, òun sì ń lọ pèsè àyè sílẹ̀ fún wọn. Àlejò ni gbogbo wa ká tó rí àyè yẹn gbà.

Nítorí náà, ẹni tí Ọlọ́run bá fún ní àyè kò gbọ́dọ̀ dínà mọ́ ẹlòmíràn. Lójoojúmọ́ ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké Òṣòdì, àdúgbò tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, fún àwọn èrò tó ń wọ Èkó láti ibi gbogbo, síbẹ̀ ìlú yìí náà la ti ń rí onílé tó máa kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà ayálégbé kó tó béèrè ìwà rẹ̀. Wàá rí ọ̀gá ní Ìdúmọ̀tà àti Òkè Àrìn tí ọmọ iṣẹ́ sìn tọkàntọkàn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọmọ náà gba òmìnira, ọ̀gá á wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, á lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀dàlẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ń san ìdámẹ́wàá. Ẹni tó bá ọ jìyà ní ìsọ̀, tó bá ọ sùn ti ọjà, tó sá tẹ̀ lé ọ nígbà tí iná jó ṣọ́ọ̀bù, ojúlé kan tọ́ sí i nínú ohun tí Ọlọ́run fi ṣe ọ́ lóore.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà. Bí owó bá tán lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ sílé nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó, ṣé o ṣì ń kí i? Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ta ló kọ́kọ́ sọnù lórí fóònù rẹ̀, ìwọ ni àbí ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ wa kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni lójú; a kàn rọra yẹra ni. Ítáì ì bá ti rọra yẹra. Ọba tilẹ̀ ti súre fún un.

Fún àṣàrò rẹ

1. Ta ló gbà ọ́ nígbà tí o jẹ́ àlejò? Báwo ni nǹkan ṣe rí fún ẹni náà báyìí?
2. Ṣé ẹnì kan ń bẹ tí o ń tẹ̀ lé nínú ohun tí Ọlọ́run kò fẹ́, tí o sì ń pè é ní òótọ́ inú?
3. Nínú ohun tó o ní, èwo lo ti pín jáde ní orúkọ ẹni tó bá ọ ṣe é?

Iṣẹ́ òní

Kí oòrùn òní tó wọ̀, pe ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wọmi, lọ bá a bí ibẹ̀ kò bá jìnnà, má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Bí ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ kan bá wà lábẹ́ rẹ, kọ ohun tó tọ́ sí i sínú ìwé, fọwọ́ sí i, kí o sì jẹ́ kó mọ̀.

Àdúrà

Baba wa, ìwọ tí o gba ọmọ òrukàn tí o sì fẹ́ràn àlejò, a dúpẹ́ nítorí àyè tí o fún wa ní ìlú yìí. Dárí jì wá níbi tí a ti yẹra fún ẹni tí ìpọ́njú dé bá. Dárí jì wá níbi tí a ti jẹ èrè òógùn ẹlòmíràn. Fún wa ní ọkàn Ítáì, kí a má ṣe wá ọ̀nà ẹ̀bùrú nígbà tí ọ̀ràn bá le. Bo Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti gbogbo erékùṣù yìí, onílé àti àlejò, pẹ̀lú àlàáfíà rẹ. Mú àwọn tó wà lókèèrè padà wálé ní àkókò tìrẹ, sì kọ́ wa láti tẹ̀ lé Jésù lọ sí ibikíbi tó bá ń lọ. Ní orúkọ rẹ̀ la gbàdúrà. Àmín.